Oògùn Ń Bẹ, Ọ̀nà Tí Ó Lọ Sí Ìdí Rẹ̀ Ni Ó Jìn

Ẹni tí ó bá dúró ní ibùdókọ̀ Ọbaníkòró ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tí ó sì ń wo àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó ré kọjá títì Ìkòròdú, kò ní ṣàì rí àgbàlagbà kan tàbí méjì tí wọ́n fi ọwọ́ kan di irin afárá mú, tí wọ́n sì fi ọwọ́ kejì ti ìbàdí. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń ṣe wọ́n, èsì kan náà ni a óò gbọ́: "Làkúrègbé ni, àgbà ti dé." Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tí ń gbé ìdì bébà lójoojúmọ́ ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tí ń tajà ní Bàríga ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé ń sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Òtítọ́ sì ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn tí ń roni ni làkúrègbé ń bá jà. Àrùn kan wà tí ó máa ń fi ara pamọ́ sábẹ́ orúkọ làkúrègbé, tí ó sì ń jẹ egungun ènìyàn láti inú wá. Àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é ní multiple myeloma. Àwa yóò máa pè é ní jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn egungun nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Ohun méjì ni ó mú wa kọ̀wé nípa rẹ̀ lónìí. Èkíní ni pé láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó kọjá, oògùn tí ó dára ti dé fún àrùn yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa ń kú kí wọ́n tó mọ̀ pé oògùn náà wà, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ tí apá wọn kò sì ká a.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo bí àrùn náà ti ń wọlé. A kò sọ ti ẹnìkan pàtó, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá mu pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé olùkọ́ àgbà kan tí ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún ń gbé ní òpópó kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ Ọbaníkòró. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ó ra oògùn ìrora ní ilé kẹ́mísìtì. Nígbà tí ó di oṣù kejì, wọ́n po oríṣiríṣi hóró oògùn pọ̀ fún un nínú ọ̀rá kékeré. Ara dẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìrora sì tún padà. Ó mu àgbo. Wọ́n fi òróró pa á lẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n sì tọ́jú ibà. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oúnjẹ kò wù ú jẹ. Wọ́n ní èrò ọkàn ni. Ní oṣù kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé garawa omi, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì rún. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn eléegun ní Igbóbì.

Ẹ kíyè sí i pé láti 1945 ni ilé ìwòsàn Igbóbì ti wà ní ẹ̀bá títì kan náà. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Ọbaníkòró, yóò kọjá Palmgrove, yóò kọjá Onípàánù, kò sì ní pẹ́ rárá tí yóò fi dé ibẹ̀. Ìrìn àjò tí kò tó wákàtí kan ni ó gba olùkọ́ wa ní oṣù mẹ́jọ. Àwọn àgbà wí pé àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Kí ni olè yìí ti jí kó láàárín oṣù mẹ́jọ náà? Èyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yé ara wa.

Inú ihò egungun wa ni mùdùnmúdùn wà, ibẹ̀ sì ni Ẹlẹ́dàá ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Láàárín àwọn ohun tí a ń pèsè níbẹ̀ ni irú sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ: òun ni ó ń rọ ohun ìjà tí ara fi ń bá àwọn kòkòrò àìsàn jagun. Nínú ara ẹni tí ó le, àwọn alágbẹ̀dẹ yìí kò pọ̀. Wọn kò tó 5 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú mùdùnmúdùn. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yóò ya pòkíì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú ara rẹ̀ láìdúró, gbogbo wọn yóò sì máa rọ ohun ìjà kan ṣoṣo tí kò lè pa kòkòrò kankan. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Àwọn tí a yàn láti ṣọ́ ilé ni wọ́n ń fọ́ ilé.

Àmì mẹ́rin ni àwọn dókítà ń wò. Èkíní, egungun ń lu ihò, pàápàá jù lọ egungun ẹ̀yìn, ti ìhà, ti ìbàdí àti ti agbárí, ó sì lè ṣẹ́ láìsí ìjàǹbá kan tí ó tó nǹkan. Èkejì, ẹ̀jẹ̀ kì í tó mọ́, nítorí pé àwọn àjèjì ti gba ilé mọ́ àwọn tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Òun ni ó fà á tí ó fi ń rẹ aláìsàn tí èémí rẹ̀ sì ń já. Ẹ̀kẹta, kálíṣíọ̀mù, èròjà tí ń mú egungun le, yóò máa yọ́ kúrò nínú egungun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ó ń fa òùngbẹ, ìgbẹ́ líle, àti ọkàn tí ń dàrú. Ẹ̀kẹrin, àwọn ohun ìjà tí kò wúlò yìí yóò lọ dí ojú kíndìnrín, kíndìnrín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí: ní 1845 ni wọ́n fi ìtọ̀ aláìsàn kan ránṣẹ́ sí dókítà Henry Bence Jones ní London, òun ni ó sì ṣe àlàyé èròjà àjèjì tí ó rí nínú rẹ̀, èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rá oògùn kékeré tí olùkọ́ wa rà. Ọ̀pọ̀ oògùn ìrora tí a ń rà ní ẹ̀bá títì, irú bí ibuprofen àti diclofenac, a máa ṣe kíndìnrín ní ibi, pàápàá kíndìnrín tí àrùn yìí ti ń bá jà tẹ́lẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí dexamethasone tàbí prednisolone wà nínú irú oògùn àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé oògùn méjèèjì yìí wà lára àwọn oògùn tí a fi ń ṣe ìtọ́jú àrùn náà gan-an. Bí aláìsàn bá lò ó díẹ̀ ní ìlò aláìmọ̀, àrùn náà yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, ara yóò tù ú, òun yóò sì rò pé làkúrègbé ti lọ. Oògùn tí ó yẹ kí ó ṣẹ́gun ọ̀tá ti wá di aṣọ tí ọ̀tá fi bo ara.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Àyẹ̀wò tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le: kí a wo bí ẹ̀jẹ̀ ti tó sí, kí a wo bí kíndìnrín ti ń ṣiṣẹ́, kí a wo kálíṣíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, kí a sì ya fọ́tò egungun tí ń roni. Bí ìfura bá wà, a óò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ tí ń ya àwọn èròjà inú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní electrophoresis. Lẹ́yìn náà ni a óò fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú mùdùnmúdùn láti ìbàdí. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ya pòkíì bá tó 10 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kan nínú àmì mẹ́rin wa sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú. A gbọ́dọ̀ fi kún un pé àwọn kan wà tí a ń rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí kò tíì ṣe wọ́n ní ibi kankan. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò nílò oògùn. Ṣíṣọ́ ni dókítà yóò máa ṣọ́ wọn.

Wàyí o, a dé orí ọ̀rọ̀ oògùn, èyí tí ó jẹ́ kókó ohun tí a fẹ́ sọ. Kí ó tó di àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn yìí bá mú kì í lò tó ọdún kan. Oògùn àkọ́kọ́ tí ó ní láárí ni melphalan, tí àwọn onímọ̀ ṣe láti ara ìbátan gáàsì olóró tí a fi ń jagun. Dókítà Blokhin ní Rọ́ṣíà ròyìn ìlò rẹ̀ fún àrùn yìí ní 1958. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962. Nígbà tí ó sì di 1969, a rí i pé bí a bá fi prednisone kún un, ó ń ṣiṣẹ́ dáradára ju bí ó ti ń ṣe ní òun nìkan lọ. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ayé dúró sí.

Ní 1999 ni ilẹ̀kùn kejì ṣí, láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọkàn sí. Thalidomide ni oògùn tí àwọn ará Jámánì gbé jáde ní 1957 fún oorun àti fún èébì aboyún, tí ó sì sọ àwọn ọmọ tí ó lé ní 10,000 di aláàbọ̀ ara láti inú oyún kí wọ́n tó kó o kúrò ní ọjà ní 1961. Oògùn ègún yìí ni àwọn dókítà ní Arkansas ní Amẹ́ríkà fún aláìsàn 84 tí oògùn mìíràn kò ràn mọ́, àrùn náà sì fà sẹ́yìn lára nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Láti ìgbà náà ni ìlẹ̀kẹ̀ ti ń já lé ara wọn: bortezomib gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2003, lenalidomide, tí ó jẹ́ àbúrò thalidomide, gba tirẹ̀ fún àrùn yìí ní 2006, daratumumab tẹ̀lé wọn ní 2015. Nínú àwọn tí a kà ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ìdajì àwọn tí a rí àrùn náà lára wọn tí wọ́n ń lò ju ọdún márùn-ún lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Títí di òní, a kò lè sọ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn pé oògùn yóò lé àrùn yìí lọ tí kò ní padà mọ́. Ohun tí oògùn ń ṣe ni pé ó ń dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí ènìyàn lè dìde, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó sì rí ìgbéyàwó ọmọ. Nítorí náà, kì í ṣe oògùn kan ni a ń wá bí kò ṣe ètò. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ètò náà ní ìpele mẹ́ta.

Ìpele kìn-ín-ní ni ìkọlù. Oògùn mẹ́ta ni a ń kó jọ fún oṣù mélòó kan: bortezomib, tí a ń gún sábẹ́ awọ ara, lenalidomide tàbí thalidomide, tí a ń gbé mì, àti dexamethasone. Níbi tí agbára bá wà, a ń fi daratumumab ṣe ẹ̀kẹrin wọn. Bí kíndìnrín bá ti ń kùnà, bortezomib kò kọ̀ ọ́. A lè so ó pọ̀ mọ́ cyclophosphamide, tí ó ti pẹ́ ní ọjà tí owó rẹ̀ kò sì ga, àti dexamethasone. Kíndìnrín mìíràn ń jí padà bí ìtọ́jú bá tètè dé. Fún arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, dókítà yóò dín ìwọ̀n oògùn kù.

Ìpele kejì wà fún àwọn tí ara wọn ṣì lágbára. A óò kó àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pilẹ̀ ẹ̀jẹ̀ láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀, a óò fi wọ́n pamọ́ sínú òtútù, a óò fún un ní melphalan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó gbá mùdùnmúdùn mọ́, lẹ́yìn èyí ni a óò dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ padà fún un bí ẹni tí ó fi irúgbìn pamọ́ kí ó tó dáná sun igbó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ní owó ń lọ sí Íńdíà fún èyí. Nítorí ìpele yìí ni kò fi dára kí a máa fún ẹni tí ó lè dé ibẹ̀ ní melphalan oníhóró fún ìgbà pípẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ń ba irúgbìn náà jẹ́.

Ìpele kẹta ni ìṣọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ara ti yá, aláìsàn ti ń gun afárá láìdi nǹkan mú, owó sì ti tán nílé. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Lenalidomide díẹ̀díẹ̀ ni a sábà máa ń lò níhìn-ín, fún ọdún púpọ̀. Bí àrùn náà bá sì tún gbé orí, a óò yí oògùn padà, a kò ní padà sí ilé kẹ́mísìtì ẹ̀bá títì.

Àwọn ohun kan wà tí ń bá ètò yìí rìn tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Oògùn zoledronic acid ń dáàbò bo egungun, ṣùgbọ́n kí dókítà eyín kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò. Lenalidomide àti thalidomide lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, nítorí náà a máa ń fi aspirin tàbí oògùn bẹ́ẹ̀ tì í. Bortezomib àti thalidomide lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ṣe bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kíyè sí i kí ó tètè wí. Thalidomide àti lenalidomide kò gbọdọ̀ kan aboyún tàbí obìnrin tí ó lè lóyún, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ti tó fún ẹ̀kọ́. Kòkòrò àìsàn mìíràn sì tètè ń ráyè wọlé sára àwọn aláìsàn yìí: Ọ̀gágun Colin Powell ti Amẹ́ríkà, ọmọ àwọn ará Jàmáíkà, ń gba ìtọ́jú àrùn yìí lọ́wọ́ nígbà tí Kòrónà pa á ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

A mẹ́nu kan Powell fún ìdí mìíràn pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń ka àwọn aláìsàn dáradára, àrùn yìí ń mú aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ju aláwọ̀ funfun lọ, ó sì ń tètè mú wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ènìyàn bá gbọ́ èyí, ó lè wí pé ẹ̀jẹ̀ wa ni ó burú, àyànmọ́ ni. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2019 ti já irọ́ èrò yìí. Àwọn ológun àná tí wọ́n lé ní 15,000 ni a yẹ̀ wò, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, tí gbogbo wọn ń gba ìtọ́jú ní àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún wọn. Láàárín àwọn tí kò tíì pé ọdún 65, àwọn aláwọ̀ dúdú lò tó nǹkan bí ọdún méje, àwọn aláwọ̀ funfun kò sì lò tó ọdún mẹ́fà. Ẹ tún un kà. Níbi tí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ti ṣí sílẹ̀ bákan náà fún gbogbo ènìyàn, àwọn ọmọ wa ni wọ́n pẹ́ jù. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa ni ó ń pa wá. Jíjìnnà sí oògùn ni ó ń pa wá.

Kò sí àní-àní pé àwọn oògùn kan wà tí owó wọn kò ṣeé fi ẹnu sọ. Ìtọ́jú tuntun tí a ń pè ní CAR-T, nínú èyí tí a ti ń kọ́ jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ogun kí a tó dá a padà sára rẹ̀, gba àṣẹ fún àrùn yìí ní 2021. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà lé ní 400,000 dọ́là. Ìyẹn kò ì tíì kàn wá. Ṣùgbọ́n a gún iyán nínú odó, a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ní 2007, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí a bá fi thalidomide kún melphalan àti prednisone fún àwọn tí ó wà láàárín ọdún 65 sí 75, ààbọ̀ wọn ń lò ju oṣù 51 lọ, nígbà tí ó jẹ́ oṣù 33 péré fún àwọn tí kò gba thalidomide. Gbígbé mì ni a ń gbé gbogbo oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí mì. Láti 2019 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ bortezomib, lenalidomide, thalidomide àti melphalan sínú ìwé àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní fún àrùn yìí. Láti 2022 ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń ta ẹ̀dà bortezomib àti lenalidomide ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn ará Íńdíà sì ti ń ṣe é ṣáájú wọn.

Bí ẹnìkan bá wí pé irú èyí kò ṣeé ṣe ní ilẹ̀ wa, kí ó lọ béèrè ní Ilé-Ifẹ̀. Láti 2003 ni ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ń pín Glivec, oògùn irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn, lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn aláìsàn láti igun gbogbo Nàìjíríà, nípa àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe oògùn náà àti àjọ aláàánú kan. Àwọn tí ìbá ti kú ń bẹ láàyè nítorí pé àwọn kan jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn, wọ́n sì pa á mọ́. Ohun tí a ṣe ní Ifẹ̀ fún àrùn kan, a lè ṣe é ní Ìdí-Àrábà àti ní Ìbàdàn fún òmíràn.

Kí ni a wá ń béèrè? Lọ́dọ̀ àwọn aráàlú, ohun kékeré ni: ẹ̀yìn tàbí ìhà tí ó bá ń ro ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún fún ju oṣù kan lọ, tí ó ń ro ó lóru tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ti kẹ́mísìtì mọ́. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti kíndìnrín. Lọ́dọ̀ àwọn olóògùn, a ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ta oògùn àpòpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tí dókítà kò tíì rí.

Lọ́dọ̀ ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí ó ju èyí lọ ni a ń retí. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín sì ń wọlé ní àdúgbò. Ẹ ní ẹgbẹ́, ẹ ní àjọ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ń yá yín ní owó ilé àti owó ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí àjọ náà ní àpò kan fún àyẹ̀wò àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì, kí a má ṣe dúró di ọjọ́ tí egungun bá rún kí a tó máa dá owó.

Lọ́dọ̀ ìjọba ni ọ̀rọ̀ wúwo jù sí. Òfin adójútòfò ìlera tí a fi ọwọ́ sí ní 2022 sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Èkó sì ní ètò tirẹ̀ tí ń jẹ́ Ìlera Èkó. A ń béèrè pé kí oògùn mẹ́rin tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sílẹ̀ wọ inú àwọn ètò wọ̀nyí ní kíkún, kí a máa rà wọ́n ní àpapọ̀ fún gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba kí iye wọn lè wálẹ̀, kí àyẹ̀wò electrophoresis sì wà nítòsí ilé ìwòsàn tí ń tọ́jú egungun. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ ní iṣẹ́ níhìn-ín. Nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò yín bá dé Ọbaníkòró, Ṣómólú àti Bàríga, tí wọ́n ń ka títì àti gọ́tà tí wọn yóò ṣe, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: bí egungun olùkọ́ tí ó kọ́ yín ní ìwé bá rún lọ́la, ta ni yóò san owó oògùn oṣù kẹta?

Oṣù kẹta ni a wí, kì í ṣe oṣù kìn-ín-ní. Ní oṣù kìn-ín-ní, ẹbí ń dá owó, ìjọ ń dá owó, ọmọ tí ó wà ní London ń fi owó ránṣẹ́. Ní oṣù kẹta ni gbogbo ènìyàn ń rẹ̀, àrùn náà kò sì ń rẹ̀.

Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ìran àwọn bàbá wa kò ní oògùn àrùn yìí, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi. Ìran tiwa ní in. Bí a bá jẹ́ kí ènìyàn kú ní ẹ̀bá títì tí ó lọ tààrà sí ilé ìwòsàn, ẹjọ́ àwa ni, kì í ṣe ti àrùn.